Yíyan Alùpùpù fún Ọ̀nà Jíjìn

Ẹni tí ó fẹ́ ra alùpùpù tí yóò máa gùn láti ilé lọ sí ọjà, iṣẹ́ rẹ̀ kò le púpọ̀. Èyí tí owó rẹ̀ bá ká, tí mẹkáníìkì àdúgbò sì mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí ó rà á. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fẹ́ gùn ún láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, tàbí láti Èkó dé Accra, tí ó sì fẹ́ padà sílé pẹ̀lú ara líle, ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀. Alùpùpù tí ó dùn ún gùn nígboro lè di ìyà lójú ọ̀nà. Èyí tí ó ń dán ní ìsọ̀ lè mú kí ẹ̀yìn máa ro ni, kí ọwọ́ máa kú, kí oorun sì máa kun ni nígbà tí ilé ṣì jìnnà. Ọ̀pọ̀ ìjàm̀bá ni ó ń ti ibẹ̀ wá.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi nǹkan kan sọ́kàn kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tí ó ń ra alùpùpù ọ̀nà jíjìn, wákàtí ìkẹyìn ìrìn-àjò ni kí ó máa rò, kì í ṣe wákàtí àkọ́kọ́. Ní wákàtí àkọ́kọ́, gbogbo alùpùpù ni ó dára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ oríṣi mẹ́ta. Ọ̀kan ni ti eré ìje. Ẹni tí ó gun èyí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú bí ẹni tí ń fẹ́ iná. Orúnkún rẹ̀ yóò ká sókè, ìwúwo ara rẹ̀ yóò sì wà lórí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó yára bí àṣá, kò sì sí ẹni tí kò ní yíjú wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ gùn ún fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí fún wa.

Èkejì ni alùpùpù ràgàjì tí ó dà bí àga ọba. Ẹni tí ó gùn ún lè jókòó kí ó fẹ̀yìn tì. Ó ní àpótí ẹrù, ó ní rédíò. Honda Gold Wing ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, láti ọdún 1975 ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní wúwo ju 350 kílò lọ. Ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì méje nìyẹn! Ní ọ̀nà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìgbádùn ni. Níbi tí ihò bá pọ̀ sí, ẹ ó ṣe làálàá.

Ẹ̀kẹta wà láàárín méjèèjì, òun gan-an ni a sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn tí ń ṣe é ń pè é ní sport-tourer. Ó ní agbára àti ìyára bíi ti eré ìje, ṣùgbọ́n ènìyàn lè jókòó lé e lórí fún odindi ọjọ́ kan, kí ó sì tún gbé ẹlòmíràn àti ẹrù sẹ́yìn. Ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ BMW ní ilẹ̀ Jámánì gbé ọ̀kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ R100RS. Wọ́n fi ike ìbòrí bo gbogbo iwájú rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe é tán, wọ́n gbé e sínú ilé kan tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ líle, láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà kọjá lára ẹni tí ó gùn ún. Ní 1990, Honda gbé ST1100 jáde. Táǹkì rẹ̀ gba epo lítà 28. Àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo irú Honda yìí fún ọdún púpọ̀. Ní 2001 ni Yamaha gbé FJR1300 tiwọn dé. Lónìí, irú wọn pọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọ̀dọ́ kì í fi ìyàtọ̀ kankan sí i, “pawa báìkì” ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ lẹ́nu wọn.

Ẹ lè máa sọ pé, “Èmi tí mò ń gun Bajaj, kí ni ó kàn mí nínú èyí?” Ó kàn yín. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ó sọ níhìn-ín, ó bá Bajaj àti TVS mu pẹ̀lú.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò ni ara tiwa fúnra wa. Ẹ gun alùpùpù náà níbi tí ó dúró sí. Ǹjẹ́ ẹsẹ̀ yín méjèèjì kan ilẹ̀ dáadáa? Bí ó bá jẹ́ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni ó kan ilẹ̀, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ na ọwọ́ sí ibi tí à ń dì mú. Ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ ká díẹ̀, kò gbọdọ̀ le gbagidi. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ibi ìtẹ̀sẹ̀, kí ẹ wo orúnkún yín. Ẹni tí ó ga, orúnkún rẹ̀ máa ń ká jù. Lẹ́yìn náà, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa bá ẹni tí ń tà á sọ̀rọ̀. Bí ìdí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín níbi tí ẹ kò tíì rin ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ìjókòó tí ó rọ̀ bí òwú kọ́ ni ó dára jù o. Èyí tí ó rọ̀ jù máa ń rì, egungun ìdí á sì kan irin. Èyí tí ó fẹ̀, tí ó le díẹ̀, ni ará ọ̀nà jíjìn ń fẹ́.

Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tì í sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ gbé e kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ dá a padà. Ọ̀pọ̀ sport-tourer wúwo láti nǹkan bí 210 kílò dé 300 kílò. Bí kò bá rọrùn fún yín láti tì í ní ìsọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́, tí ẹ ti jẹun, tí àwọn ènìyàn sì wà nítòsí, ẹ ronú nípa ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ẹ̀bá igbó, tí òjò ti rọ̀, tí alùpùpù náà sì ti ṣubú. Ta ni yóò bá yín gbé e? A kì í tijú láti sọ pé nǹkan kan wúwo jù fún wa.

Lẹ́yìn ara, afẹ́fẹ́ ni ó kàn. Ẹni tí ó ń gun ọ̀kadà nígboro kò mọ afẹ́fẹ́ ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì wá á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó ti orí 50 kìlómítà ní wákàtí bọ́ sí 100, afẹ́fẹ́ tí ń gbá a láyà ti le ní ìlọ́po mẹ́rin. Yóò máa di ọwọ́ alùpùpù mú gírígírí kí ó má baà ṣubú sẹ́yìn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ẹni tí ó roko lọ. Ìdí nìyí tí ike ìbòrí àti gíláàsì fi wà níwájú. Kí gíláàsì náà sì bá gíga yín mu. Bí etí rẹ̀ bá mọ níbi àgbọ̀n yín, afẹ́fẹ́ yóò máa hó sí orí yín bí ìṣàn omi, yóò sì di etí. Èyí tí a lè gbé sókè gbé sílẹ̀ ni a fẹ́ràn jù.

Nǹkan kan tilẹ̀ wà tí ìwé àwọn Òyìnbó kì í sọ fún wa dáadáa. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe irú alùpùpù báyìí ń ro ti ará ilẹ̀ òtútù. Wọ́n máa ń fi iná kékeré sí ibi ìdìmú kí ọwọ́ má baà tutù. Kí ni a fẹ́ fi ìyẹn ṣe ní Abẹ́òkúta? Ike ìbòrí tí ó gba òtútù kúrò lára wọn lè máa da ooru ẹ́ńjìnnì sí itan tiwa. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbà yín láyè láti dán an wò, ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ. Ẹ gùn ún nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ó ń sun ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti ń retí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. A máa ń fi cc wọn bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Ọ̀kadà ìgboro sábà máa ń jẹ́ 100 tàbí 125. Àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí ń lọ láti nǹkan bí 600 dé 1,300, àwọn mìíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ǹjẹ́ ó di dandan kí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù lórí alùpùpù, ó ń bọ̀ ní Èkó. Ó fẹ́ fi ìrìn-àjò náà wá owó fún iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ Rotary ń ṣe láti lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lọ. Ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ó wọ Èkó, lẹ́yìn ọjọ́ 41 àti nǹkan bí 13,000 kìlómítà. Alùpùpù tí ó gùn ni Honda CB500X. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tilẹ̀ pé 500, 471 ni. Wọn kì í kà á mọ́ àwọn ńlá tí a dárúkọ lókè. Ṣùgbọ́n kò wúwo jù, kò mu epo jù, ó sì ga nílẹ̀ tó láti kọjá lórí ihò.

Èrò tiwa ni pé ẹni tí yóò dá nìkan gùn ún lórí ọ̀nà wa, 500 dé 800 tó o. Bí ó bá máa gbé ìyàwó rẹ̀ àti ẹrù sẹ́yìn, kí ó wá èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó ju 1,000 dára púpọ̀, ṣùgbọ́n agbára tí ẹ kò ní lò, owó ni ẹ fi rà á, owó náà ni ẹ ó sì fi bọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ epo gba ìṣirò díẹ̀. Ká ní táǹkì kan gba lítà 18, tí lítà kan sì ń gbé e rin 20 kìlómítà. 18 lọ́nà 20 jẹ́ 360 kìlómítà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Bí a bá sáré, yóò mu ún jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù bá wà, yóò mu ún jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ojú 300 wò ó. Láti Èkó dé Accra ju 450 kìlómítà lọ, nítorí náà ẹ ó ra epo lójú ọ̀nà ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan. Kí ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti rà á kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ sì ṣọ́ra fún epo inú ìgò tí wọ́n ń tà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Omi tàbí ìdọ̀tí lè wà nínú rẹ̀, àwọn ẹ́ńjìnnì yìí kì í sì í fara mọ́ irú rẹ̀.

Oríṣi méjì ni ohun tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ṣéènì ni ọ̀kan, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Èkejì jẹ́ ọ̀pá irin tí ń yí nínú páìpù, eruku kò sì lè dé ibẹ̀. Ṣéènì ń fẹ́ ìtọ́jú: ẹ ó máa nù ún, ẹ ó máa fi òróró rẹ̀ sí i ní nǹkan bí 500 kìlómítà sí ara wọn, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Ọ̀pá irin kò ní wàhálà yìí, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọ́n, bí ó bá sì bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ni ó lè fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó mọ ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ, kí ó ra ti ọ̀pá irin.

Ní ti bíréèkì, a kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ ra èyí tí ó ní ABS. Ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tí kì í jẹ́ kí táyà dúró gbagidi nígbà tí a bá fi ìbẹ̀rù tẹ bíréèkì lójijì. Táyà tí ó bá dúró gbagidi lórí ilẹ̀ tútù yóò yọ̀, ẹni tí ó gùn ún yóò sì ṣubú. BMW ni ó kọ́kọ́ fi í sára alùpùpù tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé, ní 1988. Ẹni tí ó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí ń rin nǹkan bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bí ewúrẹ́ bá bọ́ sójú ọ̀nà, kí ọwọ́ yín tó fún bíréèkì, ẹ ti lọ tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ìwé kíkà yín yóò ti wúlò. Ẹ̀gbẹ́ táyà kún fún ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gun alùpùpù kò kà á rí. Ẹ lè rí i pé a kọ 120/70 ZR 17 sára táyà iwájú. 120 ni bí ó ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. 70 fi hàn pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 70 nínú 100 fífẹ̀ náà. 17 ni ìwọ̀n irin tí ó yí ká, ní íǹṣì. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, nọ́ńbà wọ̀nyí ni kí ẹ kọ sínú ìwé lọ bá ẹni tí ń tà á, kí ó má baà kó yín ní èyí tí ó ṣáà wà nílẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́rin kan tún wà tí a fi òwò ká, tí ó dá dúró. Ká ní 2319 ni. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Rọ́bà máa ń gbó bí ènìyàn, kódà bí ó bá jókòó sílé. Ojú rẹ̀ lè jọ tuntun kí inú rẹ̀ ti gbẹ. Èyí tí ó bá ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá, ẹ má gùn ún lọ sí ibì kankan, ohunkóhun tí ẹni tí ń tà á bá wí.

Ìwé mìíràn wà tí ń sọ ìwúwo tí alùpùpù lè gbé. Ẹ ó rí i nínú ìwé pẹlẹbẹ tí ó bá a wá. Ká ní ó ní gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju 430 kílò lọ, tí alùpùpù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú epo sì jẹ́ 230. Ó ku 200. Bí ẹ̀yin bá jẹ́ 85, tí ẹni ẹ̀yìn sì jẹ́ 70, ó ku 45 fún ẹrù. Ẹ pín ẹrù náà sọ́tùn-ún àti sósì bákan náà, bí a ṣe ń di ẹrù lé ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Èyí tí ó wúwo, kí ó wà nísàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa kò lágbára àtira tuntun. Tòkunbọ̀ ni. Kò burú, ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ mú ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ lọ. Ẹ gbà pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú bàbá mẹkáníìkì kan lọ wo ọ̀kan.

“Bàbá, ẹ wò ó bí ó ṣe ń dán!”

“Mo rí i, ọmọ mi. Fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.”

“Ó gbóná díẹ̀, sà.”

“Ta ló gbé e jáde láàárọ̀ yìí?”

“Ọ̀gá tó ni í ní kò sẹ́ni tó gùn ún láti ọ̀sẹ̀ méjì.”

“Ó dáa. Bá mi sọ fún un pé a ń padà bọ̀ lọ́la. Kó má tan án kí á tó dé.”

Bàbá yìí gbọ́n. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná, kò ṣòro tan. Èyí tí ó tutù ni yóò sọ òótọ́. Ẹ tún wo irin dídán méjèèjì tí ó di táyà iwájú mú: bí òróró bá ń ṣẹ̀ jáde níbẹ̀, owó àtúnṣe ń bọ̀. Ẹ yí ọwọ́ alùpùpù láti òsì dé ọ̀tún. Bí ó bá ń há láàárín, ó lè jẹ́ pé ó ti kọ lu nǹkan rí. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ní ojú ìha tí èkejì kò ní, ó ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ní pàtàkì jù lọ, ẹ wo àmì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin ọrùn rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ẹ fi ìka tọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé ti inú ìwé rẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yàtọ̀, tàbí tí wọ́n ti fi fáìlì pa á, ẹ kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹrù olè. Ọlọ́pàá yóò gbà á lọ́wọ́ yín, owó yín yóò sì ṣègbé.

Kí ẹ tó san owó, ẹ bèèrè ibi tí a ti ń rí ẹ̀yà rẹ̀ rà, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tí ń tà á nìkan, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tí ń gun irú rẹ̀. Alùpùpù tí a ó dúró oṣù méjì de bíréèkì rẹ̀ láti òkè òkun, a kò lè pè é ní ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn.

Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún akoto gidi, bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, àti ìbọ̀wọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé akoto, àwọn kan kun igbá ní ọ̀dà, wọ́n sì dé e sórí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ alùpùpù ń jẹ́ Class A. Bí ẹ bá máa kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó nílò ìwé adójútòfò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ

1. Táǹkì alùpùpù kan gba lítà 25, lítà kan sì ń gbé e rin kìlómítà 17. Kìlómítà mélòó ni yóò rìn kí epo rẹ̀ tó tán pátápátá? Mélòó nínú rẹ̀ ni ẹ̀yin yóò gbẹ́kẹ̀ lé?

2. A rí 0718 lára táyà kan. Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é?

3. Kí ni ìdí tí bàbá mẹkáníìkì fi ní àwọn yóò padà wá lọ́la?

4. Ẹ lọ bá ẹnì kan tí ó ní alùpùpù ní àdúgbò yín. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì sọ ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n fún un.